Ìpàdé Tí Ìgbín Ò Bá

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o! (Ààlọ̀!) Ẹ gbè é kó dún, ó ti rẹ ìyá yín àgbà.

Àlọ́ mi wọ́ títí, ó wọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, abiyamọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kàwé nílé-ìwé ìlú. Ọba Erin pèpàdé lórí ilé-ìwé náà. Ìgbín gbéra, ó ń kọrin:

Ẹ dúró dè mí o! (Rọra, rọra!)
Ọmọ mi ń bẹ níbẹ̀ o! (Rọra, rọra!)

Kó tó dé, Ehoro àti Ìgalà ti pariwo pé àga ti pọ̀ jù nílé-ìwé. Ọba ní kí wọ́n kó o kúrò. Nípàdé kejì, Ìgbín ṣì ń bọ̀ lọ́nà, àwọn méjèèjì ní ọ̀lẹ làwọn olùkọ́. Ọba lé wọn. Nígbà kẹta, wọ́n ní kí ni ilé-ìwé tí ò lága, tí ò ní olùkọ́, wà fún? Ọba tì í pa.

Ìgbà náà ni Ìgbín dé, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

“Kábíyèsí, òdìkejì odò lọmọ Ehoro àti Ìgalà ti ń kàwé. Ta ló ní kẹ́ ẹ tì í?”

“Ìlú ni.”

“Èmi ńkọ́?”

Erin yán. “Ẹni tó bá tètè dé ni ìlú.”

Ìgbín yíjú sọ́nà ilé. Ẹ bá mi gbè é, ọmọ mi:

Ẹ má dúró dè mí mọ́ o! (Rọra, rọra!)
Ọmọ mi ò sí níbẹ̀ mọ́ o! (Rọra, rọra!)