Bí Ẹṣin àti Erin Ṣe Pààrọ̀ Àtẹ́lẹsẹ̀

Nígbà láéláé, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ẹranko kò lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n máa ń bọ́ ọ létí odò bí ènìyàn ṣe ń bọ́ bàtà. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a sórí àpáta, wọn á sì tún wọ̀ ọ́ padà bí ó bá gbẹ.

Ní àkókò náà, ti Ẹṣin ló rọ̀ jù. Ó nípọn bíi tìmùtìmù. Bí Ẹṣin bá tẹ òkúta mọ́lẹ̀, òkúta náà á kàn rì sínú rẹ̀ ni, ẹni tó gun Ẹṣin kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Ẹni tó sì máa ń gùn ún ni Ìyá Wúràọlá, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Lọ́rọọrún, Ẹṣin á gbé e gba ọ̀nà olókùúta lọ sí Òkè-Àgbọn, níbi tí Wúràọlá ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ, kí ó lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó. Ìyá á ti sùn lọ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà.

"Ọkọ mi," ni Ìyá máa ń wí bí ó bá jí, "ṣé a ti gbéra?"

"A ti dé, Ìyá," ni Ẹṣin á dáhùn. Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Ẹṣin. Lọ́dọọdún, àwọn ẹranko máa ń sáré ìje yí igi àràbà ńlá kan po. Bí ọ̀nà bá tọ́, kò sí ẹni tó lè bá Ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti yí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, Ẹṣin á sì yẹ̀ wọ inú koríko. Àgbọ̀nrín á wá kọjá lára rẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ tìmùtìmù!" ni Àgbọ̀nrín á ké. "Ṣé oorun ń kùn ọ́ ni, kí n bá ọ tẹ́ ẹní?"

Lọ́jọ́ kan, Ẹṣin bá Ìyá Erin létí odò, ó ń fọ àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀. Ti Erin le bí irin. Ojú Erin sì pọ́n koko.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ojú yín?"

"Àbúrò, ọmọ mi ni. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, gbì! Á jí. Bí mo bá ní kí n lọ já ewé tí n óò jẹ, gbì! Ó di ẹkún. Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò tíì sùn wọra rí."

Ẹṣin fi imú kan àtẹ́lẹsẹ̀ Erin. Kò fì, kò tẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe pààrọ̀," ló wí.

Ti Erin tóbi ju ẹsẹ̀ Ẹṣin lọ, ti Ẹṣin sì kéré fún Erin, ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú omi di ọjọ́ kejì. Èyí tó le súnkì. Èyí tó rọ̀ mu omi, ó wú. Kálukú wọ èyí tó gbà, ó bá a mu rẹ́gí.

Lọ́dún náà, kò-kò-kò ni Ẹṣin ń lọ. Nígbà tí ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ó yí bí ẹni tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi àràbà. Eruku ni Àgbọ̀nrín jẹ lọ́jọ́ náà. Gbogbo igbó hó yèè.

Ọrún pé, Ìyá gun Ẹṣin. Kò sùn. Gbogbo òkúta ọ̀nà, kékeré àti ńlá, ló ń gba ẹsẹ̀ Ẹṣin dé ìbàdí arúgbó.

"Ìyá, ẹ ò sùn lónìí?"

"Igbó ni mò ń wò, ọkọ mi. Igbó yìí mà dára o."

Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àgbọn, Ìyá kò lè gbé ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun.

Nígbà tí ọrún mìíràn pé, kò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Máa lọ ṣeré rẹ, ọkọ mi. Mo ti dàgbà ju ìrìnàjò lọ. Ẹsẹ̀ mi ti kọ̀."

"Ìyá, ṣebí ẹsẹ̀ tèmi la fi ń rìn?"

Ìyá fi ọwọ́ pa á níwájú orí, ó sì wọlé.

Ìgbà yẹn ló tó yé Ẹṣin. Ọjọ́ kan ni ọjọ́ ìje nínú ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀nà Òkè-Àgbọn ń bẹ lọ́rọọrún. Ó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Erin, kí ó lè gba nǹkan rẹ̀ padà.

Ó bá wọn lábẹ́ igi. Ọmọ Erin na gbalaja, ó ń hanrun. Ìyá rẹ̀ kọjá lẹ́bàá orí rẹ̀, kò sí ìró kankan. Ó tún padà kọjá. Ọmọ kò mira.

Ẹṣin dúró. Ó rọra yí padà, kí pátákò rẹ̀ má baà dún.

"Àbúrò, kí lo bá wá?" ni Erin béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

"Ẹni tó wá kí ènìyàn kì í yí padà kó tó kí i. Sọ̀rọ̀."

Ẹṣin sọ ọ́. Erin wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó gbìyànjú láti bọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà, kò bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Ti Ẹṣin náà ti lẹ̀.

"Mi ò lè dá gbogbo rẹ̀ padà," ni Erin wí. "Ọmọ mi ṣì kéré. Ṣùgbọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ wá."

Ó fa ègé kan ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò ké, nítorí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó fi eyín rẹ̀ gbẹ́ àárín pátákò Ẹṣin, ó sì fi àwọn ègé náà dí i.

Nígbà tí ọrún pé, Ẹṣin bẹ Ìyá títí ó fi gùn ún. Kò rọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá, nítorí náà, Ẹṣin ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Wọ́n ti ń rí òrùlé Wúràọlá kí orí Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fún oorun. Ẹṣin kò wọ àgbàlá. Ó rọra ń yí ilé náà po, kí oorun náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Láti ọjọ́ náà, nítorí ìbẹ̀rù irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ni ẹranko kankan kò ti bọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni erin, bí ó ti tóbi tó, ti ń kọjá nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Láti ọjọ́ náà sì ni pátákò ẹṣin ti le yíká, tí ohun rírọ̀ kan, onígun mẹ́ta, sì wà lábẹ́ rẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá rí ẹṣin tó gbà fún yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Apá ibẹ̀ ni ti Ìyá Wúràọlá.