Ọjọ́ Tí Òjò Pa Bàbá Ìyàwó

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Àwọn tó ń pa òwe yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí àwọn ará Òkè-Àyẹ̀ ṣe ń pìtàn rẹ̀ nìyí.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kan wà ní ìlú náà. Ọládìtí ni olùtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí èrò kò wá wòran mọ́, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n máa ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá dàrú, wọn yóò ti ilé náà pa. Ọgbọ̀n ọdún ni Ọládìtí àti ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé fi nu àwọn irinṣẹ́ ibẹ̀. Kò ṣetán láti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Olóyè Fásanmí ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní gbangba ọgbà ni kí wọ́n jókòó sí, láìta àtíbàbà, kí gbogbo ayé lè rí òun lórí pèpéle. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọládìtí yẹ ìgò gígùn kan wò lára ògiri. Bí òjò bá ń bọ̀, omi aláwọ̀ fàdákà inú rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀. Ó ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká kó àga wọ gbọ̀ngàn. Òjò ń bọ̀."

"Òjò wo? Mo ti bẹ àwọn tó ń so òjò. Ìgò lẹ wá fi ń dẹ́rù bà mí, Bàbá Onígò?"

"Ìgò yìí ò parọ́ fún mi rí."

"Ẹ gbé e pọ̀n, kẹ́ ẹ máa bá a jó!" Àwọn ọ̀rẹ́ Olóyè bú sẹ́rìn-ín.

Ọládìtí sún àwọn irinṣẹ́ mọ́ ògiri, ó to àga sí gbọ̀ngàn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Wọn kò tíì ṣe àmín tán tí òjò fi dé. Àwọn alásè àti èrò ẹ̀yìn, tí ilẹ̀kùn wà nítòsí wọn, wọlé kíá. Ìyàwó ká aṣọ sókè, ó sáré tẹ̀ lé wọn. Olóyè tó wà lórí pèpéle lọ́hùn-ún ló wọlé kẹ́yìn. Agbádá rẹ̀ ń ṣomi, fìlà ti bá ìjì lọ.

"Èmi kẹ̀! Èmi Fásanmí ni òjò pa báyìí?"

Ọládìtí gbé àga fún un. "Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, Olóyè. Ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹ jókòó, ọmọ yín ti ń jó."

Ijó náà gbóná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbìmọ̀ ìlú wà lójú agbo; wọn kò sọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ tilé pa mọ́.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá rò pé ipò òun yóò jẹ́ kí òfin tàbí ìyà ré òun kọjá, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Òjò kì í bèèrè orúkọ kó tó rọ̀.