Ọwọ́ Òsì Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ọkùnrin olùkọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ àwọn ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn wò, kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá kọ ni abẹ gé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò winniwinni ń rọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún méje. Ilé-ìwé ti ní àwọn kò ní gba ọmọ náà bí kò bá ní ọ̀nà kankan tí ó fi ń sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà jókòó sórí ẹní. Òórùn ilẹ̀ tútù gba inú ilé kan, gbogbo nǹkan sì pa lọ́lọ́ bí ẹni ń tòògbé. Ó fi ife sí ọmọ náà lọ́wọ́, ó fi ṣíbí sí i. Ọmọ náà kò kà wọ́n sí. Ó na ọwọ́ òsì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ tí a kọ́ nílé ni ọkùnrin náà, ó mọ̀ pé a kì í na òsì sí àgbà. Ó rọra gbé e kúrò, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún wá. Ọmọ náà tún na òsì. Ó tún gbé e kúrò. Nígbà tí ó gbé e kúrò ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà ki ọwọ́ náà bọ abíyá, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé: kò sọ nǹkan kan.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí i pé ohun tí ọkùnrin náà kọ kúrú jù.

"Ẹ má bínú, tíṣà," ó ní. "Ọmọ yìí ní kí ẹ jẹ́ kí ẹ jọ lọ síbi òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ẹ ò dá a lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun. Òsì yẹn lẹnu rẹ̀."

Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, èyí tí kò nà sí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ó sì tẹ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà dìde, ó fà á lọ sábẹ́ etí òrùlé, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí omi tí ń kán. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Ọkùnrin náà di ojú rẹ̀, kò fẹ́ kí òjò dá. Nígbà tí ó wọlé, ó fa igi lé ohun tí ó kọ, ó sì kọ̀wé títí ojú ìwé fi kún.

Ìwọ olùkọ́ tuntun, àgbà ní ẹni tó bí odi ní í gbọ́ èdè odi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìrẹ ni kí o gbọ́ èdè ọmọ tí o kò bí. Kí o tó kọ ọ́ pé ọmọ kan kò sọ nǹkan kan, kọ́kọ́ rántí ọwọ́ tí o gbé kúrò lára rẹ.