Bàbá Tí Wọ́n Ní Kó Má Tẹ Ìrì Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Àgbẹ̀ ni. Ó gbin kòkó, ó sì ń kọ ebè iṣu. Ìyàwó kan ló ní, ó bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ló kàwé, gbogbo wọn ló sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, gbọ́ ìtàn rẹ̀ tán kí o tó dá mi lóhùn, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, torí ìròyìn tí o mú wá bá mi láàárọ̀ yìí ló jẹ́ kí n rántí rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin yìí di àgbà, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe ìrora tó ń wá tó ń lọ. Làkúrègbé ni, èyí tó máa ń wọnú oríkèé ara lọ tó sì ń fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí ó bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti le bí awọ ẹran tó gbẹ. Á di etí ibùsùn mú, á máa mí hẹlẹ, á máa wo ilẹ̀ bíi pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ náà wú, kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìrora náà gbé. Á gbé omi kaná, á ti aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, á fún omi ara rẹ̀ dànù, á fi wé orúnkún ọkọ rẹ̀ títí aṣọ náà yóò fi tutù. Á fi òrí pa á, á rọra wọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé, “Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.” Wọ́n á rìn yí ilé ká, wọ́n á dé ìdí ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á padà. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń mú un ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìdí ọsàn yẹn, ẹsẹ̀ á ti gbóná, á ti ń nà. Á wá mú ọ̀pá rẹ̀, á lọ sí oko etílé, á ro ìdí iṣu díẹ̀, á sì padà kí oòrùn tó mú. Ìrora náà kò lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú ìlú náà sọ ohun kan náà fún un. Ó ní kó dín oúnjẹ alẹ́ kù kí ara má bàa wúwo lórí orúnkún, kó má máa jẹ oògùn ìrora bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní bí orúnkún bá wú tó sì gbóná, kó sinmi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí wíwú náà bá ti lọ sílẹ̀, kó dìde.

Ní ìlú yẹn, wọ́n ní àṣà kan. Bí àwọn ọmọ bá ti rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu, wọ́n á gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá wọn. Wọ́n á pe ẹbí àti aládùúgbò jọ, àkọ́bí á fi omi wẹ ẹsẹ̀ bàbá náà, á nù ún gbẹ, á ní ẹsẹ̀ yìí kò ní tẹ ìrì mọ́. Wọ́n á fi ọkọ́ náà há àjà. Ẹ̀yẹ ńlá ni. Bàbá tí wọn kò bá ṣe é fún, ojú ẹni tó bímọ tí kò róúnjẹ ọmọ jẹ ni wọ́n fi ń wò ó. Èmi ò bú àṣà náà. Ẹni tó fi ọkọ́ tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, ó yẹ kí ẹnìkan gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọkọ́ ni àṣà ní kí wọ́n gbà. Kò ní kí wọ́n gba ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí ọkùnrin yìí, Ìbíyẹmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú òkèèrè, wálé láìsọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe níbẹ̀ o, má rò pé dókítà ni. Ó pàdé bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọkọ́ léjìká, tó tẹ̀ kọọrọ, tó ń kérora bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, “Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú.” Ìtìjú bá ọmọ náà.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa bú wa ni?”

Kò pẹ́ rárá tó fi kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ bàbá wọn, wọ́n fi ọkọ́ há àjà, wọ́n sì gbé àga kan dé, àga onítìmùtìmù tó jìn, tí èèyàn máa ń rì sínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á ti rí i. Wọ́n ní láti òní lọ, Bàbá ò gbọdọ̀ dìde ṣe ohunkóhun mọ́. Omi á bá a níbẹ̀, oúnjẹ á bá a níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ pa òwe, ó ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n òkété náà ṣì ní láti rìn dé ibi tí ọmú wà.

Ìyàwó ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Àga dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣì máa mú bàbá yín rìn láàárọ̀.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, “Màmá, ìrìn yẹn náà ló ń jẹ wọ́n lórúnkún. Àbí ẹ kì í gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké ni?”

Ìyá náà ní, “Mò ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.”

Gbogbo wọn wá kọjú sí bàbá. Ọkùnrin náà wo àga, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Ìbíyẹmí. Jẹ́ kí n jókòó.”

Ó sì jókòó. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìjókòó náà dùn. Ẹni tí ìrora ti ń lé kiri fún ọdún pípẹ́, tó wá rí ibi tí ìrora náà ò ti tètè bá a, ta ni yóò bá a wí? Bí kò bá ti mira, kò dùn ún. Àwọn tó ń kọjá ń gbóríyìn fún àwọn ọmọ, wọ́n ń gbàdúrà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ tiwọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n lóòótọ́, orí tí wọ́n bá ti bẹ́, kì í fọ́ni mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò kọ́kọ́ jáwọ́. Láràárọ̀, yóò gbé omi gbígbóná àti aṣọ ìnura wá. Yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọsàn nìkan.” Ọkọ rẹ̀ á ní ó di ọ̀la. Nígbà tó yá, ó ń ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó tún yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ní, “Àwọn ọmọ tí mo bí ní kí n sinmi, ìwọ ní kí n dìde. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ara ọkùnrin náà ń sanra, itan rẹ̀ ń gbẹ. Orúnkún rẹ̀ ká, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ní kíká, bí ẹni jókòó, kódà nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Ìrora tó sá fún wá bá a nínú àga náà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀. Kò lè dá dìde lọ tọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e sókè, ló ń bu omi sí i lára, ló ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù. Àwọn ọmọ ní àwọn á wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà kọ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí àlejò máa wo ìhòòhò ọkọ òun. Bẹ́ẹ̀ ara òun náà kì í ṣe irin. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tó wẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ pé kó má tẹ ìrì mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, ilé àwọn aládùúgbò dá wáí. Obìnrin náà gbé omi ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ kaná, ó rù ú láti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé bọ̀ wá sí balùwẹ̀. Ibi tí omi máa ń ṣàn gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti hu èéhù, ó sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fi ìbàdí gbá etí kọnkéré, omi gbígbóná náà sì dà lé e lórí.

Ó pariwo, “Bàbá Ìbíyẹmí.”

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ó dáhùn, “Mò ń bọ̀.” Ó di apá àga mú, ó ti ara rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kò gbà á. Ó tún tì í. Ó fi ohùn òkè pe àwọn aládùúgbò, kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó wá ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àga, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka wíwú wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ gba inú ilé kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é, òun náà ń dáhùn pé mò ń bọ̀. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìloro ilẹ̀kùn náà ga, àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè gbé orúnkún rẹ̀ kọjá níbẹ̀. Ibi tó wà, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ibi tí obìnrin náà ṣubú sí kò jìnnà tó ìdí ọsàn.

Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó yá, obìnrin náà kò pè é mọ́, ó kàn ń kérora. Ọkùnrin náà kò dákẹ́, ó ń sọ pé òun ń bọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ti ọjà dé bá àwọn méjèèjì.

Obìnrin náà kò lò ju ọjọ́ kejì lọ láyé. Kó tó dákẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sunkún, ó ń bi í pé ṣé Bàbá ò gbọ́ ni. Ìyá náà ní, “Ẹ má bá bàbá yín wí. Wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.”

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin náà ní kí wọ́n gbé àga kúrò, kí wọ́n gbé òun dìde. Ọmọkùnrin méjì dì í mú lápá. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ẹsẹ̀ kò nà. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ kan orúnkún náà. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Ìgbà tí wọ́n fi aṣọ gbígbóná lé e lórúnkún, bàbá náà ní kí wọ́n mú un kúrò, òun kò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì. Ọkùnrin náà tún pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, èyí ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìtàn mi tán. Ó wá kù tìẹ, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀ yìí, o wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, o ní torí orúnkún ìyá rẹ, o ti kó o kúrò nílé tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, o ti gba ìgbálẹ̀ àti ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, o ní kó má ṣe kúrò lójú kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. O ń retí kí n yìn ọ́. Mo yìn ọ́ fún ìfẹ́ tí o ní. Ohun tí o fi ìfẹ́ náà ṣe ni mi ò yìn.

Èmi náà ní orúnkún, mi ò kà á nínú ìwé. Ìrora ìyá rẹ kò ní lọ, má ṣèlérí fún un pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n ìrora wà lọ́tọ̀, yíyarọ wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ orí ló fún un ní èkínní, ìwọ ni wàá fún un ní èkejì, gbogbo àdúgbò á sì máa kí ọ kú ìtọ́jú ìyá. Mú un lọ bá àwọn elétò ìlera kí wọ́n yẹ orúnkún náà wò. Fi omi gbígbóná jó o fún un, fọwọ́ ara rẹ ṣe é, má rán ìyàwó rẹ. Lẹ́yìn náà, di apá rẹ̀ mú kó má ṣubú, kí ẹ jọ rìn. Má sáré, ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kí o máa rìn. Á ké. Á bú ọ, á ní ọmọ àwọn ẹgbẹ́ òun kì í ṣe wọ́n báyìí. Gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè gba èébú yẹn, ẹnu àwọn aráàlú ló ń tọ́jú, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Máa gba ilé lọ. Ìyá rẹ ti wà ní ìjókòó láti àárọ̀.