Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tó Sọ Ọjọ́ Ìsinmi Rẹ̀ Nù ní Sídónì

— Ẹ nawọ́ gán àlọ́ mi o!
— A ti nà án!
— Ó fò pìrì, ó ré òkè kọjá. Ó bà lé orí Mágò ará Sídónì, ó bà lé orí Jáṣúbù ará Ísírẹ́lì, ó sì bà lé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ dúró ná. N kò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Etí òkun ni ará Sídónì ń gbé. Wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi í kàn, wọ́n mọ̀ ọ́n tù. Wọ́n sì mọ aṣọ àlùkò í rẹ. Inú ìgbín òkun ni wọ́n ti ń fa aró rẹ̀ yọ. Wọ́n á fọ́ ìgbín, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò títí yóò fi rà. Ọba ló ń wọ aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ ẹ́, ẹ má súnmọ́ ọn! Bí Mágò aláró bá ń bọ̀, òórùn rẹ̀ á mú kí eṣinṣin pàápàá yà fún un lọ́nà.

Ohun kan ni ará Sídónì kò ní, oko ni. Àpáta lẹ́yìn, omi níwájú. Bí ebi bá dé, wọ́n á gbé aṣọ gun òkè lọ bá ará Ísírẹ́lì, àwọn yẹn á fún wọn ní àlìkámà. Wọ́n ń bá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sì ń bú ara wọn lábẹ́lẹ̀. Ará Ísírẹ́lì á ní, "Àwọn tó ń jẹ ìgbín òkun, èèwọ̀!" Ará Sídónì á ní, "Àwọn tó ń rí omi tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n!"

Ní ọdún kan, àlìkámà tán nílé Mágò. Ọmọ márùn-ún ló bí. Ẹran ìgbín ni wọ́n jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n jẹ lálẹ́, ó di ọjọ́ kẹsàn-án. Àbíkẹ́yìn wọn kò lè sunkún mọ́, ó kàn ń wò ni. Àrísà ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ánò, bí ẹ kò bá mú àlìkámà bọ̀, ẹ má padà wá mọ́."

Mágò gbé aṣọ àlùkò kan ṣoṣo tó kù, ó gun òkè.

Jáṣúbù gba aṣọ, ó di imú mú. Ó fún un ní àpò àlìkámà mẹ́rin, ó sì fi Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ṣe èènì.

"Ọ̀rẹ́ mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjọ́ keje-keje, a kì í ṣiṣẹ́ níbí. Èmi ń sinmi, àwọn ẹrú mi ń sinmi, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń sinmi. Búra fún mi pé o kò ní fi ọjọ́ náà dù ú."

Mágò bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ keje! Ṣé òkun ń sinmi ni? Ó dáa, mo búra."

"Jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tó bọ́ sí fún ọ."

"Mo ní mo ti búra! Àwọn ọmọ ń retí mi."

Báyìí ni Mágò ṣe lọ láìbéèrè. Ìràwọ̀ ni ará Sídónì ń wò lójú òkun, wọn kì í ka ọjọ́ ní méje-méje. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Etí rẹ̀ kò kúkú kéré.

Ìrìn ọjọ́ kan péré ni. Wọ́n dé ìdí igi ólífì, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró gbọnin. Ó fi orin sẹ́nu:

Ìsinmi dé o,
Kẹ́tẹ́-kẹ́tẹ́!
Ẹ wá sọ̀ mí o,
Kẹ́tẹ́-kẹ́tẹ́!

"Ṣé òní ni?"

"Òní gan-an ni."

Òrìṣà pọ̀ ní Sídónì. Ti òkun wà, ti ìjì wà. Ará Sídónì kì í sì í bá ọlọ́run onílẹ̀ jà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Mágò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ẹnu bọ àpò kan.

"Àlìkámà mi lò ń jẹ yẹn!"

"Ṣé ebi ni kí n fi sinmi ni?"

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n dé etí kànga. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró, ó tún kọrin.

"Àná wá ńkọ́?"

"Àná ni ti ìdílé bàbá mi. Òní ni ti ìdílé ìyá mi. Àbí kí n rí ìyá mi fín?"

Mágò rántí ìyá tirẹ̀, ó sọ̀ ọ́. Àpò kejì lọ.

Ilẹ̀ tún mọ́. Wọ́n dé orí òkè tí wọ́n ti ń rí òkun. Mágò ń wo òrùlé rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò rí èéfín kankan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró.

"Ti òní ńkọ́?"

"Ìsinmi méjì yẹn ló mú kó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ sinmi rẹ̀."

Ó jẹ àpò kẹta. Mágò jókòó, ó sunkún.

Obìnrin Ísírẹ́lì kan ń kọjá, ó ru igi ìdáná. Mágò fò dìde. "Ìyá, ẹ dẹ́ṣẹ̀ o! Ẹ ń ru ẹrù lọ́jọ́ ìsinmi!"

"Ta ló sọ fún ọ? Ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ lòní. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin gbáko."

Mágò yíjú sí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wo ojú ọ̀run. Mágò fa pàṣán yọ, eré ni wọ́n sá sọ̀kalẹ̀.

Àpò kan ló délé. Àrísà lọ àlìkámà, ó dáná, àwọn ọmọ jẹun. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún, ó ń ké tantan. Inú Àrísà dùn débi pé òun náà sunkún.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Wọ́n fẹ́ gbé agbọ̀n ìgbín lé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó dúró gbọnin.

"Ìsinmi dé o!"

Àrísà, ẹni tí Mágò ti ròyìn ọ̀nà fún, ní, "Ti ìdílé ta ni ti òní?"

"Ti gbogbo ayé ni! Mo fi ìyá mi búra!"

"Ìyá rẹ ti sinmi létí kànga."

Ọkàn Mágò kò balẹ̀. "Àrísà, mo búra fún Jáṣúbù o."

"Ọjọ́ wo lẹ fi búra, Bàbá Ánò? Ta ló sọ ọ́ fún yín? Ṣé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ni?"

Mágò gbé agbọ̀n lé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n di ìgbín lé e, òórùn gbalẹ̀.

Òótọ́ ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ keje ni lóòótọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń dá ọjọ́ kà. Yóò kà á dé mẹ́rin, ẹrù á wúwo, òórùn á gbé e lójú, yóò ṣì í kà. Ó bi apẹja léèrè, "Ọjọ́ kelòó lòní?" Apẹja ní, "Ọjọ́ tí ẹja ń jẹ ìwọ̀ ni." Ó bi ìgbín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbín ní, "Ọjọ́ ikú mi ni." Ó bi òkun. Òkun kò tilẹ̀ dúró gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi máa ń ṣàdédé dúró láàárín ọ̀nà títí di òní. Ẹ nà án, kò lọ. Ẹ fà á, kò lọ. Ó ń rò ó pé bóyá òní ni. Lẹ́yìn náà ni yóò ké, tí yóò máa bi gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ìsinmi mẹ́ta ló fi irọ́ gbà, ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ ló sọ nù.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló pa á, kì í ṣe èmi.