Ìbọn Ọlọ́ta Márùn-ún

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá fetí sí mi. Ẹ fún àwọn ọmọ lómi mu, kí ẹni tí yóò wúkọ́ sì wúkọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́níyì kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ní ààbọ̀. Ọdẹ́níyì ọmọ Ògúnrántí ará Ìlasà ni mò ń wí, ẹni tí bàbá rẹ̀ na ẹkùn ní pàṣán, tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ìrù ẹfọ̀n lé eṣinṣin, ẹni tí ẹtu ń gbúròó rẹ̀ tí ń dágbére fún ọmọ. Bí ó bá ti mu ẹmu díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni í máa ka ìran rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń já a nírọ́.

Ṣùgbọ́n ogbó dé sí i, ìbọn rẹ̀ náà sì gbó. Ṣakabùlà tó jogún là lẹ́nu lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó gbé ojú rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọdẹ tí ó kọ́ níṣẹ́ ń fi itan ẹran ránṣẹ́ sí i. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é lóore ni. Wọn kò mọ̀ pé ẹran náà ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹyẹ tó ti fò rí kì í gbádùn oúnjẹ inú àgò.

Nígbà tó wá gbọ́ pé Àdùbí, opó Ọdẹ́lékè, fẹ́ ta ìbọn ọkọ rẹ̀, ó jí ní kùtùkùtù, ó fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Ìrò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọdẹ ni Ọdẹ́lékè. Ọdún kẹta nìyẹn tó ti lọ sí Igbó Àwátì tí kò bọ̀. Ìbọn rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí létí igbó. Àdùbí tú u jáde nínú aṣọ. Ìbọn òyìnbó àtijọ́ ni, ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí obì. Irin kan tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ rẹ̀ bí etí ife. Bí a bá fà á sílẹ̀ tí a sì dá a padà, ọta kan á bọ́ sójú iṣẹ́, láìsí pé à ń ki ẹ̀tù. Ọdẹ́níyì gbé e léjìká, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi ìdí rẹ̀.

Àdùbí kò fi àbùkù ọjà rẹ̀ pamọ́. Ó ní ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé àwọn ọmọ òun ti gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọlọ́ta títí dé Ìbàdàn: ọta tó kéré ń mì nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀, èyí tó tóbi kò sì wọlé rárá. Márùn-ún péré ló kù.

Ó wá ní, “Bàbá, àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ti mú owó wá, mo dá a padà. Bí ẹ bá máa rà á, egungun ọkọ mi ni kí ẹ fi rà á. Àwọn ọmọ ń bi mí pé níbo ni kí àwọn ti máa kí bàbá àwọn. Mi ò rí ibì kan tọ́ka sí.”

Ọdẹ́níyì wo ìbọn náà, ó wo ojú ọ̀nà. Ó mọ Igbó Àwátì, ó sì mọ orúnkún ara rẹ̀.

“Àdùbí,” ni ó wí, “o ti tà á.”

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹta ló wọ igbó náà, igbó tí igi rẹ̀ ń mí, tí odò rẹ̀ ń ṣàn gòkè, tí òjìji ibẹ̀ ń lọ síwájú ẹni tó ni ín. Níbẹ̀ ló ti pàdé Ẹlẹ́tí-aṣọ tó fi etí méjèèjì bora bí ìbora, àti Atẹ̀sẹ̀fọhùn tí ẹnu rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ó ní láti dùbúlẹ̀ kó tó lè kí èèyàn, àti Onímú-mẹ́sàn-án tó sín lẹ́ẹ̀kan tí ewé igi mẹ́wàá wọ́ dànù, àti àwọn obìnrin gígùn tí olú ń hù lórí wọn dípò irun. Ẹ̀rù bà á, kò sì tijú láti sọ ọ́ nígbà tó dé. Ẹ̀rù yìí ló mú un yìnbọn àkọ́kọ́ sínú afẹ́fẹ́ lásán. Èkejì ló fi pa erè tó dábùú ọ̀nà bí igi tó wó. Ẹ̀kẹta kò dún. Ọta náà ti gbó ju iṣẹ́ lọ.

Báyìí ni ó ṣe ku méjì nígbà tó dé ìdí àràbà ńlá kan, tí iwin apànìyàn kan tó ń jẹ́ Kóríjọ jókòó lé orí òkìtì egungun, tí irun àyà rẹ̀ le bí irin, tí èékánná rẹ̀ gùn bí ọ̀bẹ.

“Arúgbó,” ni Kóríjọ wí, “mo mọ ìbọn yẹn. Létí igbó ni mo ti wọ́ ẹni tó gbé e wá. Wọn kì í rọ ọta rẹ̀ mọ́ láyé yín. Kí lo fẹ́ fi pa mí, ìtàn?”

“Èmi ọmọ Ògúnrántí,” ni Ọdẹ́níyì dá a lóhùn, “a kì í ka ọta wa fún ẹran.”

Ó yìn ín. Ọta náà ba irun àyà, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹ̀wà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́. Kóríjọ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí àràbà fi mì, ó ya ẹnu débi pé ọ̀fun rẹ̀ hàn gbangba. Ọdẹ́níyì fa irin sílẹ̀, ó dá a padà, ó fojú sun ọ̀fun náà, ó sì fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sínú ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín náà kò parí tí Kóríjọ fi ṣubú kúrò lórí òkìtì, ó kú.

Ọdẹ́níyì kúnlẹ̀ sínú òkìtì egungun náà. Ó rí àpò awọ tí òun àti Ọdẹ́lékè jọ rán lọ́jọ́ kan náà nígbà èwe, okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn egungun kan. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, ó bá a sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ rẹ̀ dì í, ó gbé e pọ̀n bí ọmọ. Àwọn ẹ̀dá igbó tún dúró lọ́nà, wọ́n bi í pé kí ló gbé. Ó ní ẹnì kan tó ń lọ sílé ni. Onímú-mẹ́sàn-án fi ọwọ́ méjèèjì di gbogbo imú rẹ̀ kí ó má baà sín, ó sì yà fún un.

Àdùbí kò sunkún nígbà tó gba ẹrù náà. Ó gbé agbárí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a wí pé ó pẹ́ jù. Ìgbà tí wọ́n sin ín sí ojúde tán, tí àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé, tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ káàárọ̀,” ìgbà náà ni omi tó wá lójú Àdùbí.

Àwọn kan ń fi Ọdẹ́níyì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ra ìbọn tí kò lè pa aáyán. Kò bínú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun àtijọ́ kì í nìkan wá. Ó máa ń ru ẹrù ẹni tó fi í sílẹ̀ dání. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo èjìká yín kí ẹ tó na ọwọ́. Ibi tí mo bá ìrìn arúgbó náà dé nìyí, ẹnu mi kò gbọdọ̀ rìn kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀.