Ẹja Mẹ́rin Tí Baálẹ̀ Etíbú Yan

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń bi ẹja òkú ní ìbéèrè, ẹ má wá ẹlòmíràn, Efúnyẹmí ni. Etíbú ló ń gbé, abúlé apẹja kan létí odò Àwárà, iṣẹ́ ẹja yíyan ló sì ń ṣe. Kò sí ohun tó lè rí tí kò ní fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá la ikùn ẹja, á yẹ ohun tí ẹja náà jẹ wò, á ní, "Ìwọ yìí, níbo lo ti rí koríko òkè odò jẹ?" Àwọn ìyàwó ilé bá sọ ọ́ ní Ìyá Èéṣe. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tó bá ìwà ẹni mu kì í ṣe èébú.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gidi. Ẹja àrọ̀ ń dín kù nínú odò Àwárà. Nígbà tó wọlé ọkọ ní Etíbú, pẹpẹ mẹ́fà ló máa ń kún fún ẹja lórí iná rẹ̀ lójúmọ́. Ní báyìí, pẹpẹ kan ṣoṣo kò kún mọ́. Ilé mẹ́rin ti tilẹ̀kùn, àwọn tó ni wọ́n ti kó lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Ọdẹ́jìnmí, àkọ́bí rẹ̀, pàápàá ti wí fún un pé bí ọdún yìí bá tún rí bí ti èṣí, òun á kó aya àti ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ebè. Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá rẹ̀ dé egungun. Bí gbogbo wọn bá lọ tán, ta ni yóò kù ní Etíbú tí òun yóò máa bi ní ìbéèrè?

Kálukú ló ní ohun tó ń sọ nípa ẹja tó ń sọnù. Àwọn kan ní àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló ń kó o tán. Àwọn kan ní odò ló ń bínú. Efúnyẹmí ní, "Bó bá ń bínú, kí la fi ṣẹ̀ ẹ́?" Ó bá pinnu pé òun á fi ojú ara òun wádìí ẹ̀.

Ikùn ẹja ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn àrọ̀ tí wọ́n ń pa ní àkọ́rọ̀, ìyẹn nígbà òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún, ẹyin ló máa ń kún inú wọn bámúbámú. Èyí tí wọ́n bá pa lẹ́yìn oṣù kan, kì í ní ẹyin kankan nínú mọ́. Èéṣe? Níbo ni wọ́n ń kó ẹyin náà lọ? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó so aṣọ mọ́ àyà, ó mú ọ̀pá, ó tọ etí odò lọ sókè. Kò rìn jìnnà tó fi dé ibi tí ìṣàn omi kékeré kan ti ń wọ inú Àwárà. Òkè ìṣàn náà ni àbàtà ńlá kan wà. Koríko kún ibẹ̀, omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnu ìṣàn yìí gan-an ni àwọn ọkùnrin Etíbú máa ń fi ọ̀pá ọparun sé ní gbogbo àkọ́rọ̀, wọ́n á wá dẹ ìgèrè sáàárín rẹ̀. Àrọ̀ tó bá fẹ́ gun òkè lọ, inú ìgèrè ni yóò bá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni baba wọn ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é, ìlù àti orin ni wọ́n sì fi ń kó ẹja ọjọ́ náà wálé. Efúnyẹmí fúnra rẹ̀ fẹ́ràn àrọ̀ ẹlẹ́yin ju ẹran lọ.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rántí ohun kan. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, igi ńlá kan wó lu ọgbà ọparun náà ní àkọ́rọ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe, àrọ̀ sì ráyè kọjá lọ sínú àbàtà. Nínú gbogbo ọdún tí ẹja ti ń dín kù bọ̀, ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn nìkan ló tún pọ̀ díẹ̀. Ó wá yé Efúnyẹmí. Ó pariwo, "Yéè! Àṣé àwa la ń jẹ ọmọ mọ́ ìyá nínú!" Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ojú sì tì í, nítorí ó ń rántí gbogbo ẹyin ẹja tó ti fi se ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀ Omítóògùn, olórí àwọn apẹja. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Baálẹ̀ yìí. Ó ròyìn ohun tó rí fún un, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, bí àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sé ẹnu ìṣàn. Ẹ jẹ́ kí àrọ̀ kọjá lọ yé ẹyin. Ọdún mẹ́ta péré ni mo bẹ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ràn kó máa sún ọ̀rọ̀ síwájú ni. "Ìyàwó wa, o tún gbé tìẹ dé. Ṣé ẹja ti tán nínú odò ni?"

"Kò tíì tán, Baba."

"Ó parí! Ọjọ́ tó bá tán, a ó jẹ́ kí odò sinmi. Kí là ń sáré sí? Odò ò lọ síbì kankan."

"Baba, odò ò lọ, ẹja ló ń lọ."

"Mo gbọ́, mo gbọ́. A ó rò ó lámọ́dún."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Efúnyẹmí lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló gbọ́ àmọ́dún. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, Baálẹ̀ rí i lókèèrè, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí àkọ́rọ̀ dé. Ojú ọ̀run ti ń ṣú, àwọn ọkùnrin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọ̀pá ọparun mọ́ ẹnu ìṣàn. Àsìkò yìí náà ni ọmọ Baálẹ̀, Akíndáyọ̀mi, fẹ́ gbé ìyàwó. Àṣà wọn ni pé kí ẹbí ọkọ gbé àrọ̀ yíyan mẹ́rin lọ fún àna nínú igbá ọlọ́mọrí. Ìrù ẹja kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kó ká roboto. Igbá tí ọmọrí rẹ̀ kò bá dé, àna kò ní gbà á. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi da àwọ̀n kí wọ́n tó rí àrọ̀ mẹ́rin tó tóbi tó. Ọjọ́ tí wọ́n rí i, Efúnyẹmí ti lọ sí abúlé kejì nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń rọbí.

Ní Etíbú, ọkùnrin kì í dúró nídìí iná ẹja. Pípa ni tiwọn, yíyan ni ti obìnrin. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní, "Kí ló wà nínú ẹja yíyan tí a ó fi dúró de ẹnikẹ́ni? Ṣebí iná náà ni!" Ó kó ẹja mẹ́rin náà fúnra rẹ̀, ó nà wọ́n gbọọrọ sórí pẹpẹ, ó sì koná mọ́ wọn fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí Efúnyẹmí dé, Baálẹ̀ ti ń yọ̀ lọ́nà. "Ìyàwó, ẹ kú ewu ọmọ! Wá wo ẹja. Àṣé bí iṣẹ́ yín ṣe rọrùn tó rèé! Ó ku kí o bá mi ká a sínú igbá, ọ̀la là ń lọ."

Efúnyẹmí wo ẹja náà. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ó sì gùn gbọọrọ. Ó dọwọ́ bo ẹnu. "Baba, ẹ ò ká a kí ẹ tó gbé e síná?"

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ máa ń yan án tán kí ẹ tó ká a ni?"

"Ó tì o, Baba!"

Baálẹ̀ kò gbà. Ó mú ọ̀kan, ó tẹ ìrù rẹ̀ wá síwájú. Kẹ́! Ó kán sí méjì. Ó bu omi gbígbóná, ó rẹ èkejì sínú rẹ̀ títí awọ rẹ̀ fi ń ṣí, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́! Ó pe Akíndáyọ̀mi pé kó fi ọwọ́ ọ̀dọ́ ká ẹ̀kẹta. Ìyẹn náà kán. Òógùn bo Baálẹ̀. Ó na ẹ̀kẹrin sí Efúnyẹmí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ. Jọ̀ọ́, bá mi ká èyí."

Efúnyẹmí kò gbà á. Ó kúnlẹ̀. "Baba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́. Nígbà tó tutù, ọmọ ọdún mẹ́fà lè ká a. Ní báyìí, bí gbogbo Etíbú bá péjọ lé e lórí, kíkán ló máa kán."

Baálẹ̀ jókòó, ẹja náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Efúnyẹmí ní ìbéèrè. "Àwọn àrọ̀ tó kù nínú odò, ṣé wọ́n ṣì pọ̀ tó èyí tó lè yé ẹyin?"

"Wọ́n ṣì kù díẹ̀, Baba. Bó bá di àmọ́dún, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Baálẹ̀ gbé ẹja sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sí ẹnu ìṣàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀pá ọparun àkọ́kọ́ tu. Àwọn apẹja pariwo, "Baba, kí la ó wá jẹ?"

"Ẹ̀wà," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ ó jẹ ẹ̀wà, èmi náà á jẹ ẹ́. Ẹ bá mi tu ìyókù kí òjò tó dé."

Àna dá igbá ẹja kíkán náà padà, ìgbéyàwó sì sún síwájú lóṣù kan. Ojú ti Baálẹ̀ gan-an. Ní ọdún náà, Etíbú jẹ ẹ̀wà títí, àwọn kan sì bú Efúnyẹmí lójú ọ̀nà odò. Ọdẹ́jìnmí ọmọ rẹ̀ ní òun á fún odò ní ọdún mẹ́ta náà, wọ́n bá fi í ṣọ́ ẹnu ìṣàn kí ẹnikẹ́ni má dẹ ìgèrè síbẹ̀. Lọ́dún kejì, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń yí gbirigbiri nínú àbàtà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ ọdún kẹta dé, àrọ̀ ń gun ìṣàn lọ, wọ́n ń forí gbára wọn, Efúnyẹmí sì dúró sínú òjò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ilé méjì nínú mẹ́rin tó tilẹ̀kùn tún ṣí padà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé iwájú Baálẹ̀ Omítóògùn tó ní kí ọ̀rọ̀ di àmọ́dún, ohun kan ṣoṣo ni baba náà ń fi dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti gbà á tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: tútù ni a ti ń ká ẹja, bó bá gbẹ tán, kíkán ní í kán.